Nanay Teodula Magbanua, Ẹni Tó Ń Béèrè Ìdí (1961–2023)

Oton, létí òkun Iloilo, ni wọ́n bí Màmá wa, tí àwa ọmọ ń pè ní Nanay, ìyẹn ìyá, sí lọ́dún 1961, sínú ìdílé Sumagaysay. Bàbá wọn, Eleuterio, ń kan ọkọ̀ ojú omi. Ìyá wọn, Pacita, ń ránṣọ. Eleuterio kì í wọn pákó. Ojú lásán ni wọ́n fi ń wò ó tí wọ́n á fi gé e. Màmá ò fara mọ́ ọn láti kékeré: wọ́n ń mú rúlà tẹ̀ lé bàbá wọn kiri.

Wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ jáde ní ìlú Iloilo lọ́dún 1982. Lọ́dún 1987, wọ́n ṣègbéyàwó pẹ̀lú Crisanto Magbanua, olùkọ́. Kí wọ́n tó gbà, wọ́n ti fi ìwà rere rẹ̀ àti àléébù rẹ̀ sórí ìwọ̀n. Bàbá wa ní àléébù ló tẹ̀wọ̀n jù, síbẹ̀ Màmá gbà. Kò yé Bàbá títí dòní.

Iṣẹ́ kíkọ ètò kọ̀ǹpútà ni Màmá ṣe. Ilé iṣẹ́ wọn ló ń kọ ètò tí wọ́n fi ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi, tó sì ń ka iye èrò inú ọkọ̀. Kí wọ́n tó pinnu ohunkóhun, Màmá á ní kí wọ́n to gbogbo ọ̀nà tó wà sílẹ̀, kí wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Ẹni tó bá ní, “Ó ń ṣe mí bíi pé,” èsì wọn ni: “Lọ lo oògùn. Ìdí ni mo béèrè.”

Lọ́dún 2014, ètò tuntun kan yege nínú gbogbo ìdánwò. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé e jáde, Màmá ní rárá.

“Kí ló kù, Mà?” ni Ọ̀gbẹ́ni Fermin Tupas, tó ni ilé iṣẹ́, béèrè.

“Kò sóhun tó kù, sà.”

“Kí wá ni ìdí?”

“N ò mọ̀. Ọkàn mi ò gbà á ni.”

Arlyn, ọmọbìnrin tí Màmá kọ́ níṣẹ́, bú sẹ́rìn-ín. “Háà, Mà! Ṣé kí n lọ ra oògùn wá ni?”

Wọ́n dá a dúró, wọ́n wá àṣìṣe títí, wọn ò rí. Wọ́n gbé e jáde, ó sì ń ṣiṣẹ́ geere títí dòní. Ojú ti Màmá gan-an.

Àmọ́ láti ìgbà náà, bí wọ́n bá fún ọ̀nà ní máàkì tán, wọ́n á béèrè pé, “Ta ni ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀?” Nígbà tí wọ́n ń kọ ètò ọkọ̀ ojú omi ńlá tó ń lọ sí ìlú Bacolod, Arlyn nawọ́, kò sì rí ìdí kankan sọ. Màmá mú un lọ sí èbúté, wọ́n jókòó, wọ́n ń wo èrò. Ìyá kan kọjá pẹ̀lú ìkókó láyà.

“Mà!” ni Arlyn pariwo. “Ọmọ ọwọ́ kì í ra tíkẹ́ẹ̀tì! A ò kà wọ́n!”

Òótọ́ ni. Iye èrò tí ètò náà bá kà ni wọ́n fi ń kó ẹ̀wù agbẹ̀mílà, èyí tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sómi, sínú ọkọ̀, kò sì pèsè ọ̀kan fún ìkókó kankan. Wọ́n tún un ṣe kó tó jáde. A bi Màmá pé, máàkì ni ká tẹ̀ lé àbí ọkàn?

“Ẹ má bi mí. Ọkàn tèmi tàn mí, ti Arlyn ò tàn án. Ẹ jẹ́ n jẹun.”

Màmá kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Kátólíìkì Oton, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin àdúgbò ní kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́.

Lọ́dún 2022, àìsàn dé. Dókítà ní kí wọ́n lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ní Manila, tàbí kí wọ́n máa lo oògùn nílé. Àwa ọmọ fún ọ̀nà méjèèjì ní máàkì, bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Iṣẹ́ abẹ ló borí. Màmá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n tilẹ̀ tún máàkì kan ṣe, iṣẹ́ abẹ sì tún lékè sí i.

“Ẹ ṣe é dáadáa,” ni wọ́n wí. “Mi ò lọ.”

Jovito, ọmọkùnrin wọn, ń sunkún. “Nítorí kí ni, Nanay?”

“Ọmọ mi, bí mo bá mọ̀ ọ́n, ṣé mi ò ní sọ fún ẹ?”

Wọ́n sùn nínú Olúwa nílé ní oṣù kejì ọdún 2023, ọwọ́ wọn nínú ọwọ́ Bàbá. A ò mọ̀ bóyá wọ́n tọ̀nà. A bi dókítà, òun náà ní òun ò mọ̀.

Wọ́n fi ọkọ sílẹ̀, Crisanto. Àwọn ọmọ, Rhodora àti Jovito. Àwọn ọmọ ọmọ, Althea, Migo àti Tala. Àti Arlyn, tó ń sunkún jù wá lọ.

Nanay, orí wa ṣì dàrú, ṣùgbọ́n ìfẹ́ yín yé wa. Kí Olúwa tẹ́ ẹní tó rọ̀ fún yín níbi tí ìrora ò lè dé. Bí a bá gbàgbé ohunkóhun, ẹ wá sọ ọ́ fún wa lójú àlá. Ẹ sùn re o.