Ersilio Pacchiarotti (1934–2009): Yẹtí Wúrà Kan, Ẹ̀gbọ́n Kan

A bí bàbá wa, olóògbé Ersilio Pacchiarotti, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì ọdún 1934 ní Tarquinia, sí ìdílé Quirino àti Palmira. Àgbẹ̀ lórí ilẹ̀ olówó ni Quirino. Ọmọkùnrin méjì péré ló bí: Nazzareno ni ẹ̀gbọ́n, Ersilio ni àbúrò.

Kíláàsì kẹta ni Bàbá kà dé. Lẹ́yìn ìyẹn, Quirino kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ bí a ṣe ń fi irin gígùn gún ilẹ̀ títí yóò fi kan òrùlé ibojì àwọn ará Etruria, àwọn tó gbé ilẹ̀ yìí ṣáájú àwọn ará Róòmù. Wúrà wà nínú ibojì náà, àwọn olówó òkèèrè sì ń rà á sínú àpótí dígí wọn. A ò ní purọ́ nítorí òkú: òfin kò gba iṣẹ́ náà, ọ̀pọ̀ ilé ní Tarquinia ló sì jẹ nínú rẹ̀.

Ní 1958, Bàbá gbé Orietta, màmá wa, níyàwó. Wọ́n gbin tòmátì àti àjàrà.

Ní 1963, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ṣí ibojì obìnrin kan. Wọ́n bá yẹtí wúrà méjì tó bára mu, hóró wúrà tó kéré ju iyọ̀ lọ ló bo ara wọn. Gègé ni àwọn agbẹ́bojì fi ń pín ohun tí wọ́n bá rí, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ṣẹ́ gègé: yẹtí kan fún Nazzareno, ìkejì fún Bàbá. Nazzareno ta tirẹ̀ fún olówó kan ní Switzerland. Bàbá gbé tiwọn wá fún Màmá.

Màmá ní, “Etí mélòó lo rí lórí mi?”

“Bí gègé ṣe mú un nìyẹn.”

“Ó dáa. Lọ ṣẹ́ gègé fún oúnjẹ alẹ́ rẹ.”

Màmá kò fi í sétí rí.

Nígbà tí Palmira kú ní 1990, a sin ín pẹ̀lú yẹtí rẹ̀. Bàbá wo ìyá wọn nínú pósí, wọ́n sì rántí obìnrin tí wọ́n kó yẹtí rẹ̀ nínú ibojì. Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n gbé yẹtí wúrà náà lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ́n sì sọ ibi tí wọ́n ti rí i. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní olówó Switzerland ń sọ pé ibòmíràn ni tòun ti wá; wọ́n ní ẹni tó tà á fún un nìkan ló lè já a nírọ́. Bàbá lọ bá Nazzareno pé kó wá jẹ́rìí.

Nazzareno ní, “O ti sọ wá di olè lójú ìlú.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, kí la jẹ́ tẹ́lẹ̀?”

“Jáde nílé mi! Ilé tí yẹtí yẹn ń gbé ní Switzerland dára ju tìrẹ lọ.”

Wọn ò kí ara wọn mọ́. Àwọn méjèèjì ló ti máa ń wà lára àwọn tó ń gbé ère Kristi káàkiri ìlú ní ọjọ́ Àjíǹde. Nazzareno fi í sílẹ̀. Bàbá ń gbé e lọ ní tiwọn, àwọn kan sì ń pè wọ́n ní olófòófó lójú pópó. Bàbá ò gbẹ́ ibojì mọ́.

Ní oṣù kẹwàá ọdún yìí, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró gbé Bàbá dé ilé ìwòsàn. Nazzareno wọlé, ó mú fìlà lọ́wọ́.

“Ṣé o fẹ́ kú ni?”

“Ó jọ bẹ́ẹ̀.”

“Olóríkunkun.”

“Ẹ̀yin náà ńkọ́?”

Bàbá kò bẹ̀ ẹ́ ní nǹkan kan. Ní ọjọ́ kejì, Nazzareno lọ sọ gbogbo rẹ̀ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ó sì fọwọ́ sí i. Ó padà wá sọ fún Bàbá. Bàbá ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, wọ́n kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù náà, Bàbá dákẹ́.

Yẹtí náà kò tíì dé láti Switzerland. Ó lè má dé láéláé. Ẹ̀gbọ́n ti dé ní tirẹ̀. Òun ló jókòó ti Màmá níwájú yín yẹn.

Bàbá fi Orietta ìyàwó wọn sáyé lọ, àti Nazzareno ẹ̀gbọ́n wọn, àwọn ọmọ wọn Fabiola àti Ivano, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́ta: Noemi, Tiziano àti Ginevra.

Bàbá, kí ilẹ̀ rọ̀ fún yín. Ibojì tí a gbẹ́ fún yín, kí ẹnikẹ́ni má ṣí i. Ẹ sùn re o.