Abẹ̀bẹ̀ Bàálù Délé

Bàbá mi tí n kò rí sin,

Délé bọ́ sí mi lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Inú mi dùn, ẹ má bínú.

Délé ni ọmọ Iléṣà tó jẹ́ ọ̀gá mi nígbà kan ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tún abẹ̀bẹ̀ bàálù ṣe, irin tó ń yí bíríbírí níwájú bàálù, ní Johannesburg níbí. Òun ni wọ́n tẹ̀ láago láti ilé pé àìsàn yín ti le. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì títí mo fi parí iṣẹ́ oníbàárà kan. Kí n tó délé, iyẹ̀pẹ̀ orí sàréè yín ti gbẹ. Ṣé ẹ béèrè mi?

Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, ó sì ní bàálù kékeré kan. Òkúta ta ba abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lórí pápá oníyangí tó balẹ̀ sí. Ó gbé e wá fún mi, ó ní òun fẹ́ gbé ọmọ-ọmọ òun fò kí àwọn dókítà tó gba ìwé àṣẹ àtiwa bàálù lọ́wọ́ òun.

Ọgbẹ́ tí òkúta náà dá sí i lára kò jìn. Mo fi fáìlì tí a fi ń rẹ́ irin rẹ́ ẹ gùn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí abẹ̀bẹ̀, bó ṣe yẹ, títí èékánná mi kò fi kọ́ nǹkan kan mọ́. Bí ẹ ṣe máa ń fi èékánná wo ẹnu àdá nìyẹn tí ẹ bá pọ́n ọn tán. Mo wọ̀n ọ́n. Irin tó kù tó. Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀.

Mo tún rẹ́ ẹ. Mo ń rẹ́ ẹ, mo ń pe orúkọ yín, títí ó fi fẹ́lẹ́ ju ohun tí òfin gbà lọ. Èyí tó bá ti fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀, a kì í fi irin kún un. Ká sọ ọ́ nù ló kù.

Nígbà tí mo sọ fún Délé pé abẹ̀bẹ̀ náà kò ṣeé lò mọ́, ó jókòó sórí àpótí irinṣẹ́. Èdè ilé, tí a kì í sọ ní ṣọ́ọ̀bù, ló fi bẹ̀ mí pé ṣé kò sí bí mo ṣe lè bá òun ṣe é.

“Ó ti pẹ́ jù,” ni mo wí.

Ohun tí òun náà sọ fún mi nìyẹn nígbà tí mo bi í bóyá mo ṣì lè bá yín láyé. Kò tiẹ̀ rántí.

Bàbá, fóònù wà ní ilé mi ní àdúgbò Berea níbí ní gbogbo oṣù tí ẹ fi wà lórí ẹní. N kò pè yín. Síbẹ̀, n kò tíì forí ji Délé.

Mo gbé abẹ̀bẹ̀ náà wálé, ó fara ti ògiri. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi èékánná wò ó tán: n kò ṣe iṣẹ́ tó dán tó èyí rí. Ẹ ò rí iṣẹ́ ọwọ́ mi kankan nígbà ayé yín. Èyí tó dára jù, mo fi ba nǹkan jẹ́ ni.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò tẹ̀ yín láago.