Ta Ló Ní Kí O Máa Na Apá Ẹ̀wù Sí Mi?

                                                  Ilé Ìfọṣọ,
                                                  Lẹ́yìn Gbọ̀ngàn Ìdárayá,
                                                  Òpópónà Kejì.
                                                  Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Adúmáadán,

Ṣé dáadáa ni o wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ màmá yín ńkọ́, ṣé ó ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ tuntun ńkọ́, ṣé wọn ò tíì sọ ẹ́ di arúgbó? Mo gbà á ládùúrà pé kí ara gbogbo yín le. Ní tèmi, ara le, àwọn ọmọ ń jẹun, ayọ́ọ̀nù ń gbóná. Inú mi nìkan ni kò dáa. Ìwọ gan-an lo bí mi nínú, mi ò sì ní fi pamọ́ fún ọ. Mo ti kí ọ tán o, jókòó dáadáa.

O rántí pé oṣù tó kọjá ni Ọ̀gá tó ń kọ́ wa níjà fẹ́ yan obìnrin kan ṣoṣo tó máa lọ ja ìdíje jùjítsù láàárín àwọn tí ìwọ̀n ara wọn bá tèmi dọ́gba. Èmi àti Alápatà ló kù, ìyẹn obìnrin tó ń ta ẹran lẹ́bàá ibùdókọ̀, tó dara pọ̀ mọ́ wa lẹ́yìn tí wọ́n gbé ọ lọ sí iléèwé tó o wà yìí. Mi ò bẹ̀rù rẹ̀ rárá. Kí ni mo fẹ́ bẹ̀rù? Èmi tí mo ní gáàdì aláǹtakùn lọ́wọ́, ọgbọ́n ìjà orí ilẹ̀ wa yẹn! Oṣù mẹ́jọ gbáko lèmi àtìwọ fi ṣe é. Mo ti fi yangàn fún ọkọ mi, mo ti fi yangàn fún àwọn oníbàárà, mo tiẹ̀ ti ṣèlérí fáwọn ọmọ pé wọ́n á bá mi lọ síbi ìdíje.

Ìwọ náà kúkú mọ bí èmi àtìwọ ṣe máa ń ṣe é. Mo dùbúlẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì di ẹni tí mò ń bá jà níbàdí, mo kọ́ ọrùn ẹsẹ̀ mọ́ra, kò lè lọ síbì kankan. Láti ibẹ̀ mo tú ẹsẹ̀, mo fa ìdí sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo di apá ẹ̀wù ìjà rẹ̀ méjèèjì mú, mo fi àtẹ́lẹsẹ̀ ti iṣan apá rẹ̀, mo nà án bí aṣọ orí okùn. Ẹni tí a bá nà báyẹn, tá a bá ní kó ṣubú sọ́tùn-ún, ọ̀tún ló ń ṣubú sí. Àmọ́ lọ́jọ́ náà, bí mo ṣe tú ẹsẹ̀ báyìí, apá ẹ̀wù dà? Mi ò rí nǹkan kan mú. Ọwọ́ Alápatà ti wà lórí orúnkún mi, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, ó gbé gbogbo àyà rẹ̀ lé mi bí ìgbà tó ń gbé itan màlúù lé orí tábìlì. Mo tún un ṣe, bákan náà ni. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, mo fọwọ́ gbá ilẹ̀, mo ní ó tó. Ojú àwọn ọmọ mi ló ṣe o! Àbíkẹ́yìn mi ń béèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ bóyá mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi wá ibi tí ó ti bàjẹ́. Mo ní ìdí mi ni kì í tètè kúrò nílẹ̀, ni mo bá ń fa ìdí kiri láàárín ẹrù aṣọ àwọn èèyàn, títí ìgbọ̀nwọ́ mi fi bó. Mo ní ẹsẹ̀ ló ń pẹ́ dé, ni mo bá ní kí ọkọ mi kúnlẹ̀ kí n fi dánra wò. Ó rẹ́rìn-ín títí òsúkè fi mú un, mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Mo ní ìka mi ni ò lágbára, ni mo bá so táwẹ́ẹ̀lì mọ́ irin fèrèsé, mo ń rọ̀ mọ́ ọn láràárọ̀. Títa ríro là á kọlà, àbí? Mo padà sọ́dọ̀ Alápatà, orúnkún mi ló tún tẹ̀ mọ́lẹ̀. Àánú mi wá ṣe òun náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ máa ń dúró dè? Tẹ́ ẹ bá ti tú ẹsẹ̀, ńṣe ló dà bíi pé ẹ ń retí nǹkan."

Bí Ọ̀gá ṣe gbọ́ ìyẹn, wọ́n mú fóònù wọn jáde. Fídíò èmi àtìwọ ni, èyí tí wọ́n ká sílẹ̀ kí o tó lọ. Wọ́n ní kí n má wo ara mi, ọwọ́ rẹ ni kí n máa wò. Mo wò ó. Bí mo ṣe tú ẹsẹ̀ báyìí, ọwọ́ rẹ méjèèjì dìde, o na apá ẹ̀wù bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ẹni ń fún ọmọ ọwọ́ lóúnjẹ. Ó níbì kan tí ọwọ́ mi tiẹ̀ tàsé, ìwọ lo padà wá fi í sí i! Mo wò ó títí bátìrì fi kú.

Háà, Adúmáadán! Èmi tí mò ń lọ apá ẹ̀wù láti àárọ̀ dalẹ́, mi ò mọ èyí tí mo dì mú yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Ọwọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ mú apá ẹ̀wù, kí ẹsẹ̀ tó tú. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń ṣe é sódì, ìwọ lo sì ń jẹ́ kó dà bíi pé ó dáa. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Mo mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú ìyá mi ni, nígbà tí mo ṣe é tì lẹ́ẹ̀mẹrin, tí mo lọ ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà nídìí àwọn bàtà wa. O bu omi fún mi. Lọ́jọ́ kejì ó bọ́ sí i! Mo pariwo, mo jó, ìwọ náà bá mi jó. Ijó wo lò ń jó? Ká ní ọjọ́ yẹn nìkan ni, ǹ bá kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Oṣù kejì wá ńkọ́? Oṣù kẹjọ ńkọ́? Nínú lẹ́tà rẹ tó kẹ́yìn o tún kọ ọ́ pé kò sẹ́ni tó lè já gáàdì mi. Ìyẹn kì í ṣe àánú mọ́, o kàn fojú ọmọdé wò mí ni. Mo sin ìyá mi, mi ò kú. Ṣé apá ẹ̀wù ló máa wá pa mí?

Èmi àti Alápatà ti tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Èékánná mi méjì ti lọ sí i. Lọ́jọ́ Túsìdeè, láàárọ̀ kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo gba apá ẹ̀wù rẹ̀ méjèèjì mú. Ó fà á, ó jà fitafita, mi ò fi sílẹ̀. Mo fa ìdí, mo tú ẹsẹ̀, mo nà án, ó sì lọ sọ́tùn-ún gbì! Òun ló ń lọ ìdíje, ìyẹn ti bọ́ lọ́wọ́ mi lọ́dún yìí, èmi ni mò ń bá a múra sílẹ̀. Síbẹ̀ inú mi dùn débi pé mo yíjú sí ẹ̀gbẹ́ ògiri níbi tí o máa ń jókòó sí, kí n lè pè ọ́ wá wò ó. Ohun tó tún wá bí mi nínú jù nìyẹn: kò sẹ́lòmíì tí mo fẹ́ kó rí i.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí o sì bá mi kí màmá dáadáa. Sọ fún wọn pé mi ò bá wọn jà, ìwọ nìkan ni. Tí o bá ń bọ̀ fún ìsinmi, mú ẹ̀wù ìjà rẹ dání. Mi ò fẹ́ ẹ̀bùn, mi ò fẹ́ ẹ̀bẹ̀. A máa gun orí ẹní, màá nawọ́ sí apá ẹ̀wù rẹ. Jọ̀ọ́, fà á. Fi gbogbo agbára rẹ fà á, bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Tí mi ò bá rí i mú, jẹ́ kí n má rí i mú.

Pẹ̀lú ìbínú, tìrẹ náà ṣì ni mí,

Lẹ́pa.