Bọ́ọ̀lù Tí Bùọ̀dá Káyọ̀dé Kò Tà

Màmá mi, ẹ kú ilé o. Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín láti ìlú òyìnbó. Kí Fúnkẹ́, ọmọ Bùọ̀dá Káyọ̀dé, rọra ka lẹ́tà yìí fún yín. Èmi ni mo gbé bọ́ọ̀lù aláwọ àdúgbò wa, Màmá. Kì í ṣe Bùọ̀dá.

Ẹ rántí pé òkúta méjì-méjì ni gólì wa, títì iwájú ilé wa ní Ìkìrun ni pápá. Ilé kápútẹ̀nì ni bọ́ọ̀lù máa ń sùn, Bùọ̀dá sì ni kápútẹ̀nì. Nígbà tó ku ọ̀la ká lọ bá àwọn ọmọ Ìníṣà gbá a, Bùọ̀dá ní n kò ní bá wọn lọ, pé ẹsẹ̀ mi dà bí ọwọ̀, kí n jókòó ti adìẹ yín. Inú bí mi. Mo fi bọ́ọ̀lù pamọ́ sórí àjà.

Gbogbo àdúgbò ní Bùọ̀dá ti tà á fún Ìníṣà. Àwọn ọmọdé ń pe Bùọ̀dá ní Alájàpá. Ẹ̀yin náà nà wọ́n, ẹ sì fi wọ́n ránṣẹ́ sọ́dọ̀ àbúrò yín ní Òkukù. Mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń gbé àpótí lọ.

Iṣẹ́ fọkanáísà ni wọ́n kọ́ níbẹ̀, wọ́n sì ń lẹ bọ́ọ̀lù ọmọ ọlọ́mọ lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi ń kàwé lọ. Nígbà tí mo ń bọ̀ níbí, mo tẹ bọ́ọ̀lù náà pẹrẹsẹ sísàlẹ̀ àpótí mi. N kò gbá a rí.

Òtútù ti mú orúnkún mi. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, ojú fèrèsé ni mo ń jókòó sí. Lọ́dún tó kọjá, Bùọ̀dá pè mí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù ọjọ́sí, ṣé ó tiẹ̀ rí ẹni bá a gbá a. Mo bi wọ́n bóyá òjò ti ń rọ̀ nílé. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn ẹbí sin Bùọ̀dá, wọn kò sì jẹ́ kí ẹ débi sàréè.

Gbangba la ti pè wọ́n lólè, ìdí nìyí tí mo fi gbé èyí sínú ìwé ìròyìn. Ẹ̀yin tí a jọ gbá bọ́ọ̀lù tẹ́ ẹ kù, Káyọ̀dé kò ta nǹkan kan.

Kí Olúwa tù yín nínú, Màmá, kó sì dá yín sí fún wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé àti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Fúnkẹ́, bọ́ọ̀lù náà wà nínú páálí tí mo fi ránṣẹ́. Ti bàbá rẹ ni. Kí àwọn ọmọ rẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i, kí wọ́n gbá a níwájú ilé, níbi tí Màmá á ti máa gbọ́ ariwo wọn.

Èmi ni ọmọ yín tó gbé e,
Adéwálé