Bàbá, Mi Ò Tẹ Ọwọ́ Yín Padà

Bàbá mi àtàtà,

Ìjàkadì orí tẹlifíṣàn ni ìjà tí àwọn méjì tó ń jà á ti jọ fẹnu kò sí ẹni tí yóò borí kí wọ́n tó wọ inú okùn tó yí ibi ìjà ká, tí wọ́n wá ń fi ara wọn sọ ìtàn náà títí èrò ìwòran yóò fi gbàgbé pé àdéhùn ni. Wọn kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Ẹni tó ń gbé ẹnìkejì sókè náà ló ń ṣọ́ ọrùn rẹ̀ kó má baà kán.

Bó ṣe yẹ kí n ṣàlàyé rẹ̀ nìyẹn nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méjìlá. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo dúró sáàárín pálọ̀ wa ní Òkè-Àdó lọ́sàn-án Sátidé kan, mo ní, "Bàbá, irọ́ ni gbogbo ẹ̀ o. Wọ́n kàn ń tàn yín jẹ ni."

Ẹ wò mí, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni? Jókòó."

Mi ò jókòó. Mo lọ kàwé. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yin àti Màmá nìkan lẹ jọ ń wò ó, èmi á sì máa gbọ́ ariwo yín láti inú yàrá. Mo ṣì ń rántí pé bí rẹfirí bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà lé ẹni tí ẹ fẹ́ràn lórí, èjìká yín ọ̀tún á gbéra kúrò lára àga, bí ẹni pé ẹ̀yin ni wọ́n dá mọ́lẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Màmá ti wà lọ́dọ̀ mi ní Bódìjà láti ọdún tó kọjá. Mi ò ní pa irọ́ fún yín: lẹ́yìn ìsìnkú yín, wọn ò dárúkọ yín mọ́. Wọ́n á gbé oúnjẹ wọ yàrá, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, ìdajì oúnjẹ náà á sì padà jáde. Wọ́n ń rù. Èmi dókítà tí mo ń fi gbogbo ọjọ́ ṣàlàyé àìsàn ọpọlọ àti iṣan fún àwọn ẹbí aláìsàn, mi ò rí gbólóhùn kan sọ níwájú ilẹ̀kùn yẹn. Ẹ̀rù bà mí pé a ó pàdánù ẹni méjì sínú ikú kan ṣoṣo.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì máa ń wá sílé wa: Kúnlé tó ń kọ́ni ní ìṣirò ní yunifásítì, àti Bísí tó ń ta gíláàsì ojú ní Dùgbẹ̀. Eré kan la máa ń ṣe lórí tábìlì. Kálukú á dá oníjàkadì tirẹ̀ sílẹ̀, á fún un lórúkọ, á sọ bó ṣe ń fọ́nnu àti ẹni tó jẹ́ ọ̀tá rẹ̀. Kúnlé ni alákòóso. Òun ló ń sọ ẹni tí yóò borí kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. A ó wá máa fẹnu jà á, a ó sì máa ta dáìsì bíi ti lúdò. Dáìsì kì í sọ ẹni tó borí. Ohun tó ń sọ ni bóyá èrò ìwòran gbà wá gbọ́. Ẹni tí wọ́n dá mọ́lẹ̀, tó sì mọ̀ ọ́n ṣubú, lè gba àmì ju ẹni tó dá a lọ, torí pé òun ló jẹ́ kí agbára ẹnìkejì hàn. Kò sí bí ẹ ò ṣe ní fẹ́ràn rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, oníjàkadì mi, Òkúta Bódìjà, fẹ́ ṣubú. Mo ní ó fi orí sọlẹ̀ bí àpò gàrí.

Ohùn kan jáde láti inú yàrá. "Ta ló ń ṣubú báyẹn? Ṣé ó fẹ́ kú ni?"

Màmá ṣílẹ̀kùn, àwo oúnjẹ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. "Ẹ̀yìn ló máa fi balẹ̀! Kó gbé àgbọ̀n mọ́ àyà, kó fi apá méjèèjì gbá ilẹ̀. Àbí o ò lójú ni, ní gbogbo ìgbà tí bàbá ẹ ń wò ó?"

Bísí ti sún àga. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gba dáìsì mà. Irú yín là ń wá."

Wọ́n jókòó. Wọ́n dá oníjàkadì kan sílẹ̀, àgbàlagbà tí kì í ṣí fìlà kó tó na èèyàn. Ìjì Òkè-Àdó lorúkọ rẹ̀. Kúnlé bi wọ́n pé ta lọ̀tá rẹ̀. Wọ́n na ìka sí mi. "Dókítà yìí. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá ẹni tó máa nà án."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ọ̀rọ̀ dé. Ìjì àti Òkúta ti di ara wọn mú nílẹ̀, Màmá wá dá wa dúró. "Ṣé ó ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́?"

"Títẹ ọwọ́ kẹ̀?" ni mo bi wọ́n.

Wọ́n ṣàlàyé pé ẹ̀yin lẹ kọ́ àwọn. Bí oníjàkadì méjì bá wà nílẹ̀, ọ̀kan á rọra tẹ ọwọ́ ẹnìkejì. Ìbéèrè ni: ṣé ara rẹ le? Ẹnìkejì á tẹ̀ ẹ́ padà: ara mi le, jẹ́ ká máa bá a lọ. Wọ́n ní ẹ máa ń tẹ ọwọ́ àwọn bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìwàásù bá ti gùn jù.

Mo gbé dáìsì sílẹ̀.

Bàbá, ẹ rántí ọ̀sán yẹn ní ilé ìwòsàn, kí ẹ tó lọ. Ẹ ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ọwọ́ yín ọ̀tún wà nínú tèmi, ẹ sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ̀ pé bí àìsàn bá ti ba ọpọlọ jẹ́, ọwọ́ lè ṣàdédé di nǹkan mú láìjẹ́ pé onítọ̀hún fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo rọra fi ọwọ́ yín sílẹ̀, mo mú bírò, mo sì kọ ọ́ sínú fáìlì: ọwọ́ ọ̀tún, ẹ̀ẹ̀mejì. Ohun tí mo fi ọwọ́ yín ṣe nìyẹn.

Ṣé ẹ̀ ń bi mí ni? Àbí iṣan lásán ni? Mi ò mọ̀. Ẹ̀kọ́ mi kò lè sọ ọ́ fún mi. Àmọ́ kí ló máa ná mi bí mo bá tẹ̀ ẹ́ padà?

Mo sọ ọ́ fún Màmá níwájú gbogbo wọn.

"Wọ́n tẹ̀ ẹ́?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì, mà."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mo kọ ọ́ sínú fáìlì."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Màmá, ẹ̀rín pẹ̀lú omijé. "Fáìlì! Háà, bàbá ẹ ì bá ti rẹ́rìn-ín!" Wọ́n na ọwọ́ kọjá lórí tábìlì, wọ́n tẹ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo tẹ tiwọn padà. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí. "Ẹ máa bá ìjà yín lọ."

Màmá ti ń jẹun ní pálọ̀ báyìí, wọ́n sì ń dárúkọ yín. Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni Ìjì àti Òkúta máa parí ìjà wọn. A ti fẹnu kò: Ìjì ló máa borí. Èmi ni mo máa ṣubú, mo sì ti ń múra bí màá ṣe ṣe é dáadáa.

Níbi iṣẹ́, mo ti fi ohun kan kún àlàyé tí mo ń ṣe fún àwọn ẹbí. Mo ń sọ fún wọn pé: bí ẹ bá di ọwọ́ aláìsàn tí kò lè sọ̀rọ̀ mú, tó sì tẹ ọwọ́ yín, ẹ má kọ́kọ́ wá dókítà. Iye ìgbà tó bá tẹ tiyín, ẹ tẹ tirẹ̀ padà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá pè mí.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ti wá jókòó.