Ọ̀rọ̀ Tí Mo Sọ Lórí Ilẹ̀ Iwájú Ilé Wa

Ẹ̀gbọ́n mi Ilésanmí,

Ẹ kú òtútù Kánádà o. Mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Ara Ìyá wa ti le, iṣu sì ta dáadáa níbí, ní Ìdó.

Ẹ̀gbọ́n mi, inú mi ń dùn, mi ò lè mú un mọ́ra! Ìjọba fẹ́ yí òfin ilẹ̀ padà, kí àwa tí ilé wa wà lọ́nà ọsibítù lè kọ́ ṣọ́ọ̀bù síwájú ilé. Wọ́n pe ìlú sí gbọ̀ngàn, kí kálukú sọ tẹnu rẹ̀. Àwọn àgbà ní àwọn ò fẹ́ ọjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì. Mo bá dìde. Mo ní Bàbá wa tí a sin síwájú ilé fẹ́ràn èrò. Nígbà ayé wọn, ta ló kọjá tí wọn ò pè kó wá jókòó? Ni gbogbo èèyàn bá pàtẹ́wọ́!

Olórí ẹbí wa wá bi mí pé ta ló rán obìnrin ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀, nígbà tí àkọ́bí ọkùnrin Bàbá wa wà láyé. Kí n tó ronú, mo ti ní ẹ̀yin ni.

Ọlọ́run á fi ayọ̀ mú yín wálé. Maṣíìnì ìránṣọ mi ti ń retí ṣọ́ọ̀bù. Bí olórí ẹbí bá pè yín lọ́jọ́ Àìkú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ rán mi.

Àbúrò yín,
Ìbílọlá