Hẹ́dífóònù Tí Mo Fura Sí fún Ọjọ́ Mẹ́sàn-án

Ilé Kejìlá, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé.
Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìtọ́jú àwọn aláìsàn. Ṣé àlàáfíà ni ọkọ yín wà? Ṣé èjìká tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Ọmọ tó ń hu eyín nígbà tí mo kọ̀wé kẹ́yìn ńkọ́, ṣé kì í ṣe ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi eyín tuntun náà bù jẹ? Ní tèmi, ara le, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Ọ̀rọ̀ etí ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí ẹ̀yin ni nọ́ọ̀sì tí mo ní.

Ẹ rántí irú iṣẹ́ tí à ń ṣe. Àwa márùn-ún la wà nínú yàrá kan, tí à ń gbọ́ ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ tó fara pa níbi iṣẹ́, tí a sì ń tẹ ọ̀rọ̀ wọn sórí ìwé láìyọ ẹyọ kan, kí àwọn agbẹjọ́rò wọn lè rí nǹkan gbé lọ sílé ẹjọ́. Ohùn ẹni tó ń béèrè máa ń wá sí etí òsì, ti ẹni tó ń dáhùn a sì máa wá sí etí ọ̀tún. Láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, íápíìsì kékeré tí ilé iṣẹ́ ń fún wa ni à ń kì bọ ihò etí. Kò gbówó lórí, kì í sì í pẹ́ kú. Bí apá kan bá dákẹ́, a ó gba òmíràn lọ́wọ́ olùṣọ́ yàrá ẹrù, a ó sì máa bá iṣẹ́ lọ.

Ní oṣù tó kọjá, dókítà sọ fún Àǹtí Àgbà, tí wọ́n dàgbà jù nínú yàrá wa, pé etí wọn ti ń ṣe egbò nínú. Ó ní wọn kò gbọdọ̀ ki ohunkóhun bọ̀ ọ́ mọ́. Bí wọn yóò bá ṣiṣẹ́, hẹ́dífóònù ńlá tó ń bo etí látòde ni kí wọ́n máa lò. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ ọ̀gá lọ lórúkọ gbogbo wa. Ọ̀gá gbọ́ tán, ó ní íápíìsì ni ilé iṣẹ́ ń rà, ẹni tí ti ilé iṣẹ́ kò bá bá lára mu kó lọ ra tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tẹ iye ojú ìwé tó yẹ parí kí oṣù yìí tó pé, kó máa wáṣẹ́ síbòmíràn. Ọkọ Àǹtí Àgbà kò níṣẹ́ lọ́wọ́, ọmọ wọn méjì sì ń lọ sílé ìwé. A dáwó díẹ̀ jọ, wọ́n sì ní kí n lọ wá èyí tí apá wa ká. Agbẹnusọ ni wọ́n ń pè mí níbí, mo sì gbà pé orúkọ náà yẹ mí.

Ọkùnrin kan wà ní igun òpópónà wa tó ń tún rédíò ṣe. Ó ní hẹ́dífóònù àlòkù kan, dúdú, tó fi aṣọ tuntun rán tìmùtìmù rẹ̀. Iye tó pè é kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ara fi fu mí. Ó tún wá ní kí n máa gbé e lọ dán wò láìsan kọ́bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóde òní? Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Mo bi í níbi tó ti rí i, mo bi í ta ló ni ín tẹ́lẹ̀, mo bi í ìdí tí onítọ̀hún fi tà á.

Ó gbójú sókè, ó ní, "Ọ̀gá mi, ṣé ẹ fẹ́ rà á ni, àbí ẹ fẹ́ fẹ́ ẹ níyàwó?"

Mo gbé e dé yàrá wa. A fi ohùn ìdánwò dán an wò, èyí tí olúkúlùkù wa tẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á síṣẹ́. Gbogbo wa la gbọ́ ọ ketekete. Ìyẹn gan-an ló tún dá kún ìfura mi, nítorí mo rántí pé a ti mọ ohùn náà sórí. Bí hẹ́dífóònù bá tilẹ̀ yadi, ọkàn wa ni yóò parí ọ̀rọ̀ fún wa. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ohùn àtijọ́ ni, etí méjèèjì ni ìbéèrè àti ìdáhùn jọ ń bọ́ sí. Mo tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ mi, mo ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lò ó títí n ó fi rídìí rẹ̀. Mo dá a padà fún Onírédíò pé kó tú u kí n wonú rẹ̀. Ó tú u. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó tún tú u, ó ní, "Agbẹnusọ, bí ẹ bá rí olè níbẹ̀, ẹ pariwo o."

Báyìí ni ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣe lọ. Ní gbogbo àkókò yẹn, íápíìsì ni Àǹtí Àgbà ń kì bọ etí, nítorí iye ojú ìwé ọ̀gá kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gba tuntun lọ́wọ́ olùṣọ́ yàrá ẹrù, wọ́n ní apá ọ̀tún ti kú. Ó jẹ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí gbogbo wa, a kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n dìde, wọ́n ṣí dúrọ́ọ̀ mi fúnra wọn. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mi ò tíì—" Wọ́n ní, "Ìwọ lò ń fura, èmi ni etí ń dùn. Kúrò níbẹ̀." Wọ́n gbé hẹ́dífóònù náà sórí, wọ́n tan ohùn tuntun tí ẹnì kan nínú wa kò tíì gbọ́ rí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, wọ́n ní ìbéèrè nìkan ni àwọn ń gbọ́, àwọn kò gbọ́ ìdáhùn. Apá ọ̀tún kò sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, inú mi dùn. N kò ní purọ́ fún yín. Mo lu tábìlì, mo ní, "Ṣé ẹ rí i! Mo sọ bẹ́ẹ̀! Oníjìbìtì ni!"

Àǹtí Àgbà rọra bọ́ hẹ́dífóònù náà, wọ́n yí i, wọ́n fi apá ọ̀tún rẹ̀ sí etí òsì, wọ́n sì tún tan ohùn náà. Wọ́n gbọ́ ọ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wí jẹ́jẹ́ pé, "Ó ń dáhùn o. Ó ń dáhùn dáadáa. Ìbéèrè ni mi ò gbọ́ mọ́."

Ó yé gbogbo wa pé hẹ́dífóònù kò ní àléébù kankan. Etí ọ̀tún wọn ni kò gbọ́ mọ́.

Èmi ni mo gbé e padà lọ fún Onírédíò, mo sanwó rẹ̀, mo sì ṣàlàyé. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó tú u, ó so wáyà méjèèjì pọ̀ kí ìbéèrè àti ìdáhùn lè jọ máa wá sí etí òsì, kò sì gba nǹkan kan lé e. Títí mo fi délé, mo ṣì ń wá ìdí tí kò fi gbowó. Ẹ wo irú ènìyàn tí mo yà! Láti kékeré ni bàbá wa ti ń sọ pé ìfura loògùn àgbà. Mo bẹ̀rù pé mo ti lo oògùn náà jù, ẹlòmíràn ló sì ṣàìsàn rẹ̀.

Àǹtí Àgbà ti ń tẹ ojú ìwé tó yẹ báyìí, ọ̀gá kò sì rí wọn sọ sí. Ṣùgbọ́n dókítà ní etí ọ̀tún kò ní gbọ́ mọ́. Mo bi Àǹtí Àgbà bóyá ọjọ́ mẹ́sàn-án tí mo fi ti nǹkan mọ́ dúrọ́ọ̀ ló fà á. Wọ́n ní, "Etí yẹn ti ń lọ tipẹ́, jàre. Má da ara ẹ láàmú." Wọ́n yára sọ ọ́ jù, wọ́n sì rẹ́rìn-ín sí i. N kò gbà wọ́n gbọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi kọ̀wé sí yín. Ẹ̀yin ti tọ́jú etí ju bí mo ti lè kà lọ. Ṣé ọjọ́ mẹ́sàn-án tó láti pa etí tó ti ń ṣe egbò? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tù mí nínú. Bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ dídùn dá mi lóhùn, mo máa mọ̀.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín, ẹ ní mo ń gbàdúrà fún èjìká wọn. Ẹ bá mi fi ẹnu ko ọmọ eléyín tuntun lẹ́nu, kí ẹ sì ṣọ́ra.

Èmi ni àbúrò yín tó ń retí òtítọ́,

Àbíkẹ́yìn.